Irun gbígbìn, fìlà àti ẹnu àwọn ará ọ́fíìsì

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o lọ gbin irun síwájú orí ní Istanbul lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé wọ́n yọ irun lẹ́yìn orí rẹ wá síbi tó pá níwájú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa wọṣẹ́ padà l'Ókè-Mọ́sàn, o ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. O wá ń bi wá bóyá kó o máa dé fìlà ni àbí kó o sọ pé ńṣe lo gẹrun. Sọ pé o gẹrun. Ṣebí wọ́n ti fá a kí wọ́n tó ṣe é. L'Abẹ́òkúta níbí, ta ló ń bi ọkùnrin pé kí ló dé tó fi gẹrun mọ́lẹ̀?

Ìwé ni kó o ṣọ́ra fún. Líìfù ọdún rẹ ni kó o lò, má gba ìwé dókítà lọ síbi iṣẹ́ rárá. Nígbà tí èmi náà gbin irun tèmi, akọ̀wé kan níbi iṣẹ́ mi fojú mi rí màbo. Dókítà kọ ọ́ pé "iṣẹ́ abẹ kékeré lórí", kò kọ irun síbẹ̀, mo fi sínú àpòòwé, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa kí n tó fún akọ̀wé náà. Kò tíì tó àkókò oúnjẹ ọ̀sán tí ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì fi kí mi pé, "Ọ̀gá, ẹ kú ewu orí o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rírú ẹ̀ mọ́." Àwọn kan ti ń sọ pé wọ́n ṣí agbárí mi l'Ékòó. Mo lọ bá akọ̀wé náà, ó ní ṣé ó burú káwọn èèyàn bá mi gbàdúrà ni. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wà láti 2014 tó ní káwọn ilé ìwòsàn má tú àṣírí aláìsàn, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí wọn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Lọ kà á sí wọn létí. Kó o tó ṣí ìwé òfin, ọ̀rọ̀ rẹ ti dé Pánsẹ́kẹ́.

Àwọn tó ṣe é fún mi gan-an ò sàn jù ú lọ. Ọmọkùnrin tó ń dá mi lóhùn lórí WhatsApp wọn ní, "Ọjọ́ mẹ́ta péré, sà, ẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́." Ìgbà tí ọjọ́ mẹ́ta tó wí pé ni iwájú orí mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Omi tí wọ́n gún sábẹ́ awọ orí ló ń sọ̀ kalẹ̀. Mo jí láàárọ̀, ojú ọ̀tún ò ṣí, tòsì là díẹ̀, igi imú mi ti sọnù sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyàwó mi ní mo dà bí ẹni tí agbọ́n ta. Àwọn ọmọ ò fẹ́ súnmọ́ mi. Mo pe ọmọkùnrin yẹn, ó ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, sà." Tó bá jẹ́ bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kí ló dé tí o ò sọ ọ́ kí n tó sanwó? Mo kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí i. Ó kà á. Kò fèsì.

Ó ṣeé ṣe kí tìẹ ti kọjá ìpele yẹn. Èépá ló kù. Bí wàá ṣe máa fọ̀ ọ́, wọ́n ti sọ fún ẹ, má kàn fi èékánná bó o ni. Ó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá kí gbogbo ẹ̀ tó re tán, ìgbà yẹn ló sì máa ń jọ àìsàn lójú ẹni tí ò mọ̀. Màmá kan ní ọ́fíìsì wa ò gba ọ̀rọ̀ agbárí ṣíṣí gbọ́. Ó fa orí mi mọ́ra lójú àwọn èèyàn, ó wò ó fínnífínní, ó ní, "Làpálàpá lèyí, ẹ má dá dókítà lóhùn." Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọṣẹ dúdú àti ewé asúnwọ̀n wá nínú ọ̀rá. Mo dọ́pẹ́ gan-an, mi ò jiyàn. Àtìgbà náà, làpálàpá ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ara sì tù mí. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi nǹkan kan pa orí rẹ o, ì báà jẹ́ ọṣẹ dúdú, àdí tàbí òróró àdúrà.

Ohun tí dókítà Istanbul ò ní sọ fún ẹ ni ìdọ̀bálẹ̀. Tó o bá dorí kodò, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ síbẹ̀. Sọ fáwọn àgbà pé ẹ̀yìn ń dùn ẹ́, kó o tẹ orúnkún díẹ̀. Má gun ọ̀kadà pẹ̀lú akoto. Bọ́ọ̀sì gan-an, èmi ò wọ̀ ọ́ láti Èkó padà, torí kòtò kan ṣoṣo lọ́nà Ọ̀tà ti tó láti gbé orí èèyàn kan òrùlé. Rélùwéè ni mo wọ̀ n'Ébute Metta.

Ẹ̀n-ẹ́n, fìlà. Fìlà lórí ṣẹ́ẹ̀tì àti táì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìwọ fúnra rẹ lo ń pe èèyàn wá wò ó. Dúró di Fraidé tí gbogbo wọn máa wọ àdìrẹ. Kó má jẹ́ fìlà aṣọ òkè tó le, lọ rán èyí tó rọ̀ n'Ítòkú, kó tóbi ju orí rẹ lọ, kó sì tó bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ náà kó o tó dé e. Tí dókítà rẹ bá ní kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ ni kó o tẹ̀ lé.

Má sì jẹ́ kí ọkàn rẹ pòrúurùu nígbà tí irun náà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í re, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ. Ẹnì kan máa sọ pé ayé ló ń bá ẹ jà. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó hù padà, ọdún kan kó tó kún dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ tó ń wá yẹn ló dára fún ọ̀rọ̀ àṣírí, torí ẹni tó ń rí ẹ lójoojúmọ́ ò ní mọ̀gbà tó dé. Irun tiwa máa ń ká lábẹ́ awọ, nítorí náà tí rorẹ́ bá yọ, má fún un. Tí ojú ọgbẹ́ rẹ bá sì máa ń wú ju ara lọ, jẹ́ kí dókítà kan níbí wo ẹ̀yìn orí rẹ.

Ẹni tó ń gẹrun fún ẹ ńkọ́? Òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ibi tí wọ́n ti yọ irun lẹ́yìn orí máa ń ní àmì wẹ́wẹ́, bí kílípà bá sì ti kan awọ, wọ́n á hàn. Tó bá jẹ́ ibi tí ọ̀gá rẹ ti ń gẹrun ni ṣọ́ọ̀bù ẹ wà, máa lọ sí Aṣérò, kó o sì ní kó fi irun díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Tó bá di Sọ́ńdè tí èépá ṣì pọ̀ lórí rẹ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọjọ́ méjì kún líìfù rẹ. Tí wọ́n bá bi ẹ́ nídìí, ọ̀rọ̀ ẹbí ni.