Ta ló yẹ kó gbé ṣájà ọkọ̀ oníná wá sí Ìkòròdú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Márúwá ni mo ń wà láti Igbogbo sí Sábó. Owó epo ti fẹ́ pa mí, mo fẹ́ ra èyí tó ń lo bátìrì. Níbi mítìnì CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, lọ́jọ́sí, ọ̀gbẹ́ni kan ní NEPA fẹ́ máa gbé ṣájà ìta gbangba wá sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń gbé tíránsífọ́mà wá, pé kí ilé kọ̀ọ̀kan dá ₦20,000 kó lè tètè dé. Ìgbà wo ni NEPA máa gbé e dé? Ṣé kí n dúró dè é ni?

ÌDÁHÙN: Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má dá kọ́bọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó kọ́kọ́ bi mí ní irú èyí, inú sì ń bí mi gan-an, torí àwọn tó ń gba owó yìí mọ̀ dáadáa pé dídá owó tíránsífọ́mà àti òpó iná ti mọ́ wa lára, wọ́n kàn pa orúkọ ẹ̀ dà ni.

Ẹ ní ìgbà wo ni NEPA máa gbé e dé. Ẹ gbọ́, NEPA ò jẹ wá ní ṣájà. Ká tiẹ̀ fi ti pé NEPA ò sí mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ sílẹ̀, pé láti November 2013 ni wọ́n ti ta pípín iná fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni kó gbé iná dé ẹnu mítà. Ohun tí ẹ bá fi iná ọ̀hún ṣe lẹ́yìn mítà, ẹ̀yin lẹ mọ̀, ẹ fẹ́ lọ ata ni o, ẹ fẹ́ jó irin ni o.

Ẹ wo àwọn ilé epo tó tò láti Ogolonto dé Sábó, ta ló kọ́ wọn? Oníṣòwò ló ra ilẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ó ri táǹkì mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Kò sẹ́ni tó lọ kó owó jọ ní CDA kí ilé epo lè dé. Òwò kan náà ni ṣájà ìta gbangba, ẹni tó bá rí i pé ọkọ̀ tó máa wá ra iná lọ́wọ́ òun pọ̀ tó ló máa kọ́ ọ. Nígbà tí Oando, ilé-iṣẹ́ epo, àti LAMATA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò, gbé bọ́ọ̀sì oníná méjì wọ Èkó ní 2023 fún ìdánwò, ṣájà wọn bá wọn wá ni.

Tíránsífọ́mà tí ọ̀gbẹ́ni yẹn fi ṣe àpẹẹrẹ gan-an, irọ́ ló fi bò ó. Ojúṣe ilé-iṣẹ́ iná ni tíránsífọ́mà, tí àdúgbò bá sì fẹ́ fi owó ara wọn rà á, òfin tí NERC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná, ṣe ní 2015 ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ iná tọwọ́ bọ̀wé bí wọ́n ṣe máa dá owó náà padà. Ẹnì kan kì í wá sí mítìnì wá fọwọ́ gba owó ẹ̀.

Ẹ tún bá mi ṣírò ẹ̀. Ṣájà tó ń yára, èyí tí ọkọ̀ lè kún nídìí ẹ̀ láàrin wákàtí kan sí méjì, ó máa ń fa bíi kìlówáàtì 50. Mẹ́rin ẹ̀ ti di 200. Tíránsífọ́mà 300kVA tí gbogbo àdúgbò ń lò, tó ti ń pariwo ní alẹ́ tí gbogbo ilé bá tan fáànù, ẹ wá gbé 200 lé e lórí, ó máa jó ni. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ iná, kó ra tíránsífọ́mà tirẹ̀ sórí wáyà ńlá 11kV, kí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tan iná sí i. Ilé ọgọ́rin tó dá ₦20,000, ₦1.6 mílíọ̀nù ni. Kò tó ra tíránsífọ́mà yẹn nìkan, ká má tíì sọ ṣájà.

Àwọn kan á tún ní ṣebí ilé wa níbí ni Egbin, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iná, wà. Òótọ́ ni, 1,320 mẹ́gáwáàtì ni agbára ẹ̀, ṣùgbọ́n orí wáyà ńlá niná ẹ̀ ń gbà bọ́ sí gíríìdì gbogbo Nàìjíríà, kì í yà sílé ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ṣé ìjọba wá bọ́ níbẹ̀ ni? Rárá o. Láti 2023 tí wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe, ìpínlẹ̀ ti lè ṣòfin iná tirẹ̀, Èkó sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní December 2024, torí náà Aláùsá, ìyẹn ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ máa kọjú sí, ẹ fi Abuja sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi gáréèjì sábẹ́ wọn, LCDA Igbogbo-Baiyeku lè yọ àyè sílẹ̀ ní gáréèjì fún oníṣòwò tó bá fẹ́ gbé ṣájà síbẹ̀, kò ná wọn ní nǹkan kan. Níbi tí oníṣòwò ò sì ní lọ, bíi ọ̀nà Agbowa sí Itokin, ó yẹ kí ìpínlẹ̀ fowó tì í lẹ́yìn, èrò tèmi nìyẹn, mi ò sì ní yí i padà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní òkè òkun náà nìyẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union ṣòfin ní 2023 pé kí ṣájà wà ní kìlómítà 60 síra wọn lójú títì ńlá, Amẹ́ríkà ya bílíọ̀nù 5 dọ́là sọ́tọ̀ fún tiwọn ní 2021, síbẹ̀ oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bójú tó o lójoojúmọ́.

Márúwá yín wá kù. Ẹ ò nílò ṣájà ìta gbangba rárá. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé yúníìtì mélòó ni bátìrì ẹ̀ ń gbà. Tó bá jẹ́ 7, kódà ní ₦225 tí wọ́n gbé yúníìtì kan sí fún Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, ní April 2024, kò tó ₦1,600 láti kún un, sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé sì lè ṣe é mọ́jú. Ṣùgbọ́n tí iná yín ò bá ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́, ẹ má rà á, àfi tí ilé-iṣẹ́ tó ń tà á bá ní ibi tí ẹ ti lè pààrọ̀ bátìrì lójú ọ̀nà yín, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Mi ò tíì rí wáyà ilé yín o, torí náà ẹ pe rewáyà tó ní ìwé NEMSA kó fa wáyà ọ̀tọ̀ fún un, kó ṣe ẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn wáyà tó wọnú ilẹ̀, dáadáa. Ẹ má fi ẹ̀sítẹ́ńṣàn ṣe é láéláé, ilé ló ń jó.

Tí àwọn ará CDA bá ti san nínú owó yẹn, kí alága yín bi ọ̀gbẹ́ni náà léèrè lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ iná fún un, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́la, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ẹ gbà lọ láti ibẹ̀.