Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Bi Ẹni Tí Kò Ṣàìsàn Ní Ìbéèrè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀, àwọn onímọ̀ kan a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọn a sì máa bi àwọn tí ara wọn le pàápàá ní ìbéèrè. Ṣé kì í ṣe dókítà àti oògùn ni aláìsàn nílò ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Dókítà ń tọ́jú ẹni tí àìsàn ti dá wólẹ̀. Onímọ̀ nípa ìtànkálẹ̀ àrùn ní tirẹ̀ ń wádìí ohun tó fà á tí àìsàn fi mú àwọn kan tó sì fo àwọn mìíràn dá, kí àwọn tó ń bójú tó ìlera gbogbo ènìyàn lè mọ ibi tí wọn yóò ti dínà mọ́ ọn.

Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní 500 láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Afẹ́fẹ́ búburú ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Dókítà John Snow rí i pé ìtòsí ẹ̀rọ omi tó wà ní Broad Street ni àwọn tó kú pọ̀ sí, àmọ́ àwọn tí kò kú ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé e dáadáa. Nínú àwọn òtòṣì 535 tó ń gbé ilé ìtọ́jú kan nítòsí, márùn-ún péré ni àrùn náà pa, nítorí wọ́n ní kànga tiwọn. Kò sì pa ẹnì kankan nínú òṣìṣẹ́ tó lé ní 70 ní ilé ìpọntí àdúgbò náà, àwọn tí kì í mu omi ẹ̀rọ yẹn. Opó kan sì wà lọ́nà jíjìn ní Hampstead tí wọ́n máa ń bá pọn omi náà lọ nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Àrùn náà pa á.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. (Òótọ́ ni pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà fi kún un.) Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí Robert Koch tó fi hàn pé kòkòrò kan ló ń fa àrùn náà.

Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò títí di òní. Ká ní àwọn ènìyàn ṣàìsàn lẹ́yìn àpèjẹ kan: bí 30 nínú 40 tó ṣàìsàn bá jẹ ẹran, a lè sọ pé ẹran ló fà á. Ṣùgbọ́n bí 60 nínú 80 tí ara wọn le bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni níhà méjèèjì, kò sì sí ìdí láti fura sí ẹran ju àwọn oúnjẹ yòókù lọ. Bí a kò bá bi àwọn 80 yẹn, ẹran la ó dà nù, ohun tó fa àìsàn gan-an yóò sì wà nínú ìkòkò mìíràn.