Gìtá Hawaii tí bàbá fi sílẹ̀: ẹ má tíì gbé e fún pẹ́ńtà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà. Bàbá mi tó ti dolóògbé bá ẹgbẹ́ olórin jùjú ta gìtá, wọ́n sì fi gìtá Hawaii kan sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ gbalaja ta. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ọrùn méjì, okùn mẹ́jọ-mẹ́jọ, àti pẹ́dàlì nísàlẹ̀. Wọ́n kọ Fender sí i. Ẹnìkan fẹ́ rà á. Ṣé kí n kọ́kọ́ ní kí pẹ́ńtà ọkọ̀ fín in, kí owó rẹ̀ lè lé sí i?

ÌDÁHÙN: Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín in. Ọ̀dà àtijọ́ yẹn, bó tilẹ̀ ti là, ara owó rẹ̀ ni. Ẹni tó mọyì gìtá yìí ń fẹ́ ẹ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde. Ẹnìkan gbé irú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní Adó lẹ́yìn tí wọ́n ti fín in ní pupa. Ọ̀dà ti ṣàn wọ ìka irin tó ń fa okùn, ó gbẹ síbẹ̀, pẹ́dàlì kò sì mira mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi abẹ́rẹ́ họ ọ́. Ó dùn mí gan-an.

Bí ẹ ṣe júwe tiyín, ó jọ Fender 1000, irú tí ilé iṣẹ́ Fender kọ́kọ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1957. Ẹ tú àwo tí fọ́lúùmù wà lára rẹ̀, ẹ rọra yí àwo náà padà, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn fọ́lúùmù náà. Ká ní ẹ rí 304 6012: 304 ni àmì Stackpole, ilé iṣẹ́ tó ṣe fọ́lúùmù, 60 ni ọdún 1960, 12 ni ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún náà. Bí nọ́ńbà mẹ́ta péré bá tẹ̀lé 304, bíi 832, 8 ni ọdún 1958, 32 ni ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Gìtá náà kò lè dàgbà ju fọ́lúùmù rẹ̀ lọ, àfi bí wọ́n bá ti pààrọ̀ fọ́lúùmù. Nítorí náà, ẹ wo òjé tí wọ́n fi jó wáyà mọ́ ọn. Bí òjé tuntun bá gun ti àtijọ́, ẹnìkan ti tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Owó gìtá Bigsby, tí Paul Bigsby ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ju ti Fender lọ dáadáa, torí ìwọ̀nba ló ṣe. Àmọ́ tiyín kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Irú gìtá onípẹ́dàlì bẹ́ẹ̀ ló ń fa ohùn bí ẹni ń dárò nínú orin King Sunny Adé, tí Demola Adepoju ń ta.

Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ tọ́jú àpótí rẹ̀, ẹ sì wá fọ́tò tí bàbá ti ń ta á lóde. Olùrà gidi máa ń bèèrè irú ẹ̀. Ẹ má gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi ka nọ́ńbà yẹn.