Ìtàn yín ò nílò ìparí mìíràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìtàn tí ẹ ń fi Twine kọ (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìtàn tí òǹkàwé ń yan ọ̀nà rẹ̀) ní ìparí kan ṣoṣo, ẹ̀rù sì ń bà yín pé àwọn òǹkàwé á ní yíyàn táwọn ń yàn kò já mọ́ nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn lọ wá ìparí kún un.

Ohun tí wọ́n fi dá mi lóró nìyẹn. Olùkọ́ kan tí mo sanwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló takú pé gbogbo yíyàn gbọ́dọ̀ yí ìparí padà. Kò bá wa ṣírò rẹ̀ rí. Ẹ ya ọ̀nà méjì fún òǹkàwé níbi mẹ́wàá, kí ọ̀nà kankan má pàdé òmíràn mọ́: ìparí 1,024 ló délẹ̀ yẹn! Alaalẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ni mo ń kọ ọ́, ìtàn ọmọbìnrin kan tó wálé wá sin bàbá rẹ̀, tó bá àwọn ẹbí níbi tí wọ́n ti ń ta ilé. Lọ́nà kan, ó gba ilé náà. Lọ́nà kejì, ó sá lọ. Lọ́nà kẹta, ilé jóná. Ojú ewé ń kúrú sí i. Ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀, bọ́ sójú ọ̀nà tẹ́nikẹ́ni ò gbà. Ó dé ibì kan, èmi tí mo ń kọ ọ́ ò mọ ohun tí ìtàn náà ń sọ mọ́. Mo bi olùkọ́ náà, ó ní kí n fi ẹ̀ka kún un! Inú ń bí mi títí dòní.

Photopia, ìtàn orí kọ̀ǹpútà tí Adam Cadre kọ, ló gba ipò kìíní ní IFComp, ìdíje irú ìtàn tí òǹkàwé ń dá sí, lọ́dún 1998, kò sì sóhun tí òǹkàwé lè ṣe tó máa gba ọmọbìnrin inú rẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Nílé wa níbí, ta ló ń yí ìparí Ìjàpá padà? Síbẹ̀, àlọ́ àpagbè ò lè lọ bí àwọn ọmọ ò bá gbe orin.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ìtàn mi ṣàpẹẹrẹ: ohun yòówù kí òǹkàwé yàn, wọ́n á ta ilé náà. Irú ẹni tí ọmọbìnrin náà jẹ́ ni kí òǹkàwé máa yàn: ta ló finú hàn, kí ló mú ní yàrá bàbá rẹ̀, ìbéèrè wo ló dákẹ́ sí. Kí ìtàn sì rántí. Bó bá mú agbádá bàbá rẹ̀, kí àbúrò bàbá bi í léèrè rẹ̀ níkẹyìn. Bó bá fi í sílẹ̀, kó rí i lọ́rùn ẹlòmíràn. Variable, ìyẹn ohun tí Twine fi ń rántí ohun tí òǹkàwé ti yàn, ló ń ṣe ìyẹn, kò le rárá.

Ẹ gbọ́ o, bó bá jẹ́ inú browser lẹ ti ń lo Twine, ibẹ̀ náà ló ń tọ́jú iṣẹ́ yín sí. Ẹni tó bá nu dátà browser ti nu ìtàn nù. Ẹ máa ṣe archive, ìyẹn ẹ̀dà àwọn ìtàn yín, sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì fi àmì ohùn sórúkọ passage, ìyẹn ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú Twine: èèyàn lè tẹ "ọ́" lọ́nà méjì tó jọra lójú, tí kọ̀ǹpútà ò ní kà sí ọ̀kan náà, link á sì gbé òǹkàwé lọ sójú ewé òfìfo. Àmọ́ nínú ìtàn gan-an, ẹ fàmì síbẹ̀ dáadáa, ẹ má gbọ́ tàwọn tó ní kò pọn dandan.

Ní ti ìbínú òǹkàwé, ẹni tí ẹ bá ṣèlérí ilé fún ló máa bínú pé kò rílé gbà. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ lójú ewé àkọ́kọ́ pé ẹbí ti gbowó lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ẹ má sì kọ "Gba ilé náà sílẹ̀" síbi tó máa tẹ̀.