Ẹ Béèrè, Kí A Dáhùn: Bí A Ṣe Ń Bi Ọ̀jọ̀gbọ́n àti Ọ̀rẹ́ Léèrè Iṣẹ́ Ọwọ́ Wọn

Ìwé mẹ́ta ni mo yàn nínú èyí tí ẹ kọ ránṣẹ́ ní oṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ: bí ènìyàn ṣe lè jókòó ti ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ọ̀mọ̀wé tàbí ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe, kí ó bi í léèrè iṣẹ́ àti ìgbé ayé rẹ̀, kí ó sì rí ohun gidi gbọ́. Ìwé àkọ́kọ́ ni mo fún ní àyè jù, nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ jù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Balógun, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo sì ń gbé. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti máa ń lọ kí àwọn oníbàárà mi tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ yunifásítì ní ọjọ́ Àìkú, tí mo ń bi wọ́n nípa iṣẹ́ wọn, tí mo sì ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní àtojúbọ̀ ni mò ń ṣe, àti pé ohun tí mò ń gbọ́ bọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí alága ìjókòó ń kà síta níbi òde: ọdún tí wọ́n bí i, ilé-ìwé tí ó lọ, oyè tí ó gbà. Kí n má purọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Níbo ni mo ti ṣì í?
Oníṣòwò kan, Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà yín lọ́dọ̀ bàbá ilé. Alátojúbọ̀ ń wá ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òfíntótó ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi pamọ́, tí kò kàn sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ rí ni. Owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n àti ìdí tí ìyàwó rẹ̀ fi kẹ́rù, àtojúbọ̀ nìyẹn. Ohun tí ó ń ṣe láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí yóò fi ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ kì í ṣe àṣírí, síbẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá lè má mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ó ń ṣì yín lọ́nà. Bí ẹ bá ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ sọ ìtàn ìgbésí ayé yín fún mi,” èyí tí ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò sọ, nítorí pé ó ti sọ ọ́ níbi ìsìn ìdúpẹ́, ó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ó pé ọgọ́ta ọdún, ó sì ti kọ ọ́ sínú gbogbo ìwé tí ó fi wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi ọdún ìbí sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àná: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ẹ fi ọwọ́ yín ṣe níbi iṣẹ́ lánàá?”

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ dàgbà ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí ọ̀sà Èkó. Fún bí ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé “ọ̀rọ̀ omi ló ń kọ́ wọn ní yunifásítì,” tí mo sì gbà pé mo mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a jókòó sí etí omi ní Àkókà, níbi tí ilẹ̀ Yunifásítì Èkó ti kan ọ̀sà, mo bi í ní ìbéèrè àná yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹrẹ̀ ni òun fọ̀. Ó ní àwọn wọ ọkọ̀ ojú omi jáde ní kùtùkùtù, àwọn sọ ohun èlò onírin kan tí ẹnu rẹ̀ dà bí ti ẹ̀mú sí ìsàlẹ̀ omi, ó bu ẹrẹ̀ wá sókè, òun sì da ẹrẹ̀ náà sínú asẹ́, òun ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku kìkì ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀: aràn tín-ín-rín, àti ìkarahun tí kò tó èékánná ọmọ-ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni òun ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, tí òun ń kà wọ́n.

Mo ní kí ni kíka aràn fẹ́ ṣe fún ọmọ Èkó. Ó nawọ́ sí apá Òkò Bàbá, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú nígbà náà, tí èéfín kì í sì í dá lókè ibẹ̀. Ó ní níbi tí èérún pákó bá ti ń bọ́ sí omi lójoojúmọ́, tí ó ń jẹrà ní ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí àwọn ẹ̀dá inú omi ń mí máa ń dín kù, àwọn tí ara wọn gbẹgẹ́ a kọ́kọ́ pòórá, a sì ku ìwọ̀nba aràn tí ó lè fara dà á. Nítorí náà, kí apẹja tó sọ pé ẹja ti ń wọ́n, asẹ́ ti sọ fún òun. Láti orí ẹrẹ̀ ni ó ti bọ́ sórí iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba iwájú Màrínà wọlé, ọ̀sà a sì níyọ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń tú omi dídùn wọ inú rẹ̀, iyọ̀ a sì lọ sílẹ̀. Ìgbà náà ni ewéko olódòdó àlùkò tí ó ń léfòó, èyí tí ó ti ń yọ wá lẹ́nu láti àárín àwọn ọdún 1980, máa ń bo etí omi. Bí iyọ̀ bá padà dé, ewéko náà a sì kú. Èmi tí mò ń wo ewéko yìí lórí afárá Third Mainland láti ọjọ́ pípẹ́, mo rò pé ìjọba ni ó ń kó o.

Ẹ kíyè sí i pé n kò béèrè ìbéèrè ọlọ́gbọ́n kan. Àná ni mo béèrè, mo sì béèrè ohun tí ọwọ́ ṣe, nítorí pé ọwọ́ kì í mọ ọ̀rọ̀ ńlá-ńlá sọ.

Àwọn àgbà tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa mọ ẹni tí wọ́n ń bi. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìtàn Yorùbá tí ó kọ ní 1897, dárúkọ àwọn tí ó fún un lọ́rọ̀ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀: David Kukomi tí ó jẹ́ àgbà ìjọ ní Ìbàdàn, Lágúnjú tí ó jẹ Tìmì Ẹdẹ, àti Josiah Oni, oníṣòwò tí ó rìn jìnnà. Oníṣòwò bíi tiyín, ẹ sọ èyí fún bàbá ilé. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tí ó ń ṣe dókítà ní Èkó, ni ó fi àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ, tí ìwé náà fi jáde ní 1921. Nítorí náà, kí fóònù yín tó bọ́ sínú gọ́tà, ẹ ṣe ẹ̀dà ohùn wọ̀nyẹn sí ibòmíràn.

Ohun mìíràn wà tí ojú mi fi rí i. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Sùúrùlérè, mo kọ ìbéèrè méjìlélógún dání. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń pariwo, bàbá sì ń dá mi lóhùn bí ẹni tí ó ń ka ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí mo pa fóònù tí mo fi ń gba ohùn, tí mo dọ̀bálẹ̀, tí mo dágbére, ó dìde láti sìn mí sọ́nà. Ẹnu géètì ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Ó ní iṣẹ́ kan wà tí òun fi ọdún mẹ́ta ṣe, tí akẹ́kọ̀ọ́ òun kan sì rí àṣìṣe nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí òun fi ránṣẹ́. Ó ní oṣù mẹ́fà ni òun kò fi dá ọmọ náà lóhùn dáadáa, kí òun tó lọ bá a nílé ìyá rẹ̀, kí òun sì sọ fún un pé ọmọ náà ni ó jàre. Fóònù mi wà nínú àpò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń tọrọ àyè ní gbangba pé, “Bàbá, ṣé kí n jẹ́ kí ó máa gbà á títí a ó fi dé ọ̀nà?” Bí ẹni náà bá kọ̀, mo pa fóònù náà. Nínú ilé Yorùbá, ìsìnsọ́nà ni ìdajì àbẹ̀wò, ẹ má ṣe sáré wọ máàrúwá kí ó tó parí.

Lórí àṣìṣe yìí, ẹ má bi àgbàlagbà pé, “Níbo ni ẹ ti kùnà?” Ó dà bí ẹ̀sùn. Ẹ ní, “Èwo ni ó fún yín ní wàhálà jù nínú iṣẹ́ yìí, sà?” Ọ̀nà méjèèjì dé ibì kan náà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rọ́ lu yín, ẹ bi í bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn a máa gùn, ẹ má bá a kún un. Bí àyè bá sì yọ̀ǹda, ẹ lọ jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun máa ń ṣe fún gbogbo ayé ní Àkókà. A kì í gba owó wíwọlé. Ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti rẹ́rìn-ín tí ẹ kò mọ ìdí, ìbéèrè yín ti wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Olóòtú, ìmọ̀ ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní Èkó. Òde tí mo bá lọ, ìbéèrè méjì ni: ṣé ẹ ti wọlé láti ìyanṣẹ́lódì, àti ṣé mo lè bá wọn mú ọmọ wọlé. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì béèrè iṣẹ́ ìwádìí mi, mo máa ń ní kò lè yé wọn ní Yorùbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbéraga ni. Ṣé lóòótọ́ ni?
Olùkọ́ kan, Yábà.

Ìdáhùn: Ẹ má bínú sí ìbéèrè ìyanṣẹ́lódì. Láti 14 oṣù Èrèlé 2022 títí di 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, oṣù mẹ́jọ gbáko, ọmọ wọn wà nílé, òbí kò lè tètè gbàgbé. Ti ìgbàwọlé, ẹ fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Lórí èkejì, mo wà lẹ́yìn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní pè é ní ìgbéraga. Ọ̀lẹ ni mo fẹ́ pè é, ẹ foríjì mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ Èkó, ni ó wà nídìí ètò Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ní Àkókà kan náà ni Grace Alele-Williams ti kọ́ni, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ní Chicago ní 1963, bí ìṣirò ṣe ń wọ orí ọmọ ni ó sì fi ṣe iṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni Ayọ̀délé Awójọbí wà, ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ dá lórí bí nǹkan ṣe ń gbọ̀n. Ọkọ̀ tí ó ṣe, tí ó lè fi gbogbo jíà rẹ̀ lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, ni àwọn ará Èkó fi ń rántí rẹ̀, nítorí pé wọ́n rí i lójú.

Ẹ̀yin náà, ẹ wá ohun tí ènìyàn lè rí. Bí mo bá wà ní ipò yín, márùndínláàádọ́ta ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ jókòó bóyá ó mọ ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nígbà tí ó pe iye yẹn: ó mú ogún mẹ́ta, ó yọ mẹ́wàá kúrò kí ó tó di àádọ́ta, ó sì tún yọ márùn-ún, láìmú bírò. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìyẹn yóò súnmọ́ yín lórí àga. Ìgbà náà ni ẹ ó sọ tiyín, kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta péré. Bí ó bá fẹ́ ẹ̀kẹrin, yóò béèrè.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ní Màkókò, télọ̀ ni. Mo fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, kí n lọ wá àwọn aláṣọ ńlá lọ. Kí ni kí n ṣe?
Ọ̀dọ́ kan, Màkókò.

Ìdáhùn: Má pè é jókòó rárá. Lọ bá a nígbà tí ó bá ń gé aṣọ, kí o sì bi í ní ohun méjì péré: kí ló dé tí ó fi àyè aṣọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúrán, àti pé àyè ta ni ó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀? Yóò sọ fún ọ nípa ìyàwó tuntun tí yóò lóyún kí ọdún tó yí po, àti alhájì tí kò gbà pé òun ti sanra. Bí ó bá kanra pé o ń dí òun lọ́wọ́, gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, kí o máa bá a fẹ́ ẹ̀ẹ́dú inú rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.