Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ṣé Power Bank Mi Lè Bá Mi Wọ Bàálù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì ń múra láti lọ bá a wẹ ọmọ. Mo ní power bank ńlá kan tí wọ́n kọ 50,000mAh sí lára, òun ló ń gbà mí sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dì í sí àárín aṣọ nínú àpótí ńlá, kí wọ́n má baà yọ mí lẹ́nu ní pápákọ̀. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé bílẹ́ńdà àti áyọ́ọ̀nù mi náà yóò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún? — Ìyá àgbà ọmọ tuntun, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, Mà. Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà, yóò sì dá ìyá rẹ̀ sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe di power bank kankan sínú àpótí tí ẹ máa fi lé àwọn òṣìṣẹ́ bàálù lọ́wọ́. Inú báàgì tí ẹ ó gbé lọ́wọ́ wọlé nìkan ni òfin gbà kó wà.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe àṣejù àwọn aláṣẹ. Bátìrì lithium ló wà nínú power bank, irú èyí tó wà nínú fóònù. Apá méjì tí kò gbọdọ̀ kan ara wọn ló wà nínú rẹ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n sì fi là wọ́n láàárín. Bí ẹrù wúwo bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, tàbí tí wọn kò ṣe é dáadáa láti ilé iṣẹ́, awọ yìí lè ya, ooru á sì máa bí ooru títí yóò fi gbiná. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ níbi tí èrò wà, àwọn òṣìṣẹ́ á tètè rí èéfín, wọ́n á sì da omi sí i kó lè tutù. Bó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹrù nínú ikùn bàálù, ta ni yóò dé ibẹ̀? Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2025, bàálù Air Busan kan gbiná ní pápákọ̀ Gimhae ní South Korea kó tó gbéra. Gbogbo èrò ló jáde láàyè, àwọn olùwádìí sì sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ power bank tó wà níbi ìkẹ́rùsí tó wà lókè orí èrò ló fà á. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí tiyín wà nítòsí yín, níbi tí ojú yín ti lè tó o.

Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ní yìí ti tóbi jù. Kì í ṣe mAh ni òfin ń wò, Wh (watt-hour) ni, ìyẹn àpapọ̀ agbára iná tí bátìrì náà lè gbà sínú. Bí wọn kò bá kọ Wh sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi 1,000 pín iye mAh, kí ẹ sì fi 3.7, ìyẹn iye fóltì irú bátìrì yìí, sọ ohun tí ẹ bá rí di púpọ̀. 20,000mAh yóò fún yín ní 74Wh, wàhálà kò sí níbẹ̀, torí pé ohun tí kò bá ju 100Wh lọ kò nílò àṣẹ. Bó bá ju 100 lọ tí kò kọjá 160, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. 50,000 tiyín jẹ́ 185Wh, kò lè wọ bàálù èrò rárá, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ nínú àpótí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ará ilé, kí ẹ ra kékeré tí wọ́n kọ Wh sí lára kedere. Ẹ tún béèrè òfin ilé iṣẹ́ tí ẹ máa bá lọ, torí pé àwọn kan le ju òmíràn lọ: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Emirates kò gbà kí èrò lo power bank nínú bàálù mọ́, ẹyọ kan péré ni èèyàn sì lè mú dání.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Bí bàálù bá kún, tí wọ́n ní kí ẹ kó báàgì ọwọ́ yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ yọ power bank náà kúrò kí ẹ tó fún wọn.

Ní ti bílẹ́ńdà àti áyọ́ọ̀nù, ẹ má wulẹ̀ rù wọ́n lọ. Iná tiwa jẹ́ 230V, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V. Áyọ́ọ̀nù yín kò ní gbóná tó ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣájà fóònù yín yóò ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá kọ 100-240V sí i lára, kìkì ẹnu tí yóò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn mu ni ẹ máa rà. Ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra jù: bí ọmọ bá ra bílẹ́ńdà 120V fún yín, tí ẹ sì so ó mọ́ iná tiwa láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, yóò jó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yìn fóònù mi ń wú, ó ti ń ti gíláàsì iwájú sókè. Ẹnìkan ní kí n fi abẹ́rẹ́ gún bátìrì náà kí afẹ́fẹ́ lè jáde. — Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ má dán an wò! Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gbiná, abẹ́rẹ́ náà sì lè mú kí apá méjèèjì kan ara wọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí iná, ẹ pa á, ẹ gbé e sórí síméńtì, jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ, kí ẹ sì gbé e lọ fún oníṣẹ́ fóònù tó mọṣẹ́ kó bá yín pààrọ̀ bátìrì náà. Èyí tó yọ kò gbọdọ̀ dé ààtàn tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí.