Òórùn Ibi Ìkójọ Ìdọ̀tí

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé wa ní Adó-Èkìtì kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ kékeré ti ń da ìdọ̀tí sílẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá tó kó o lọ sí ààtàn. Láti ìgbà tí òjò ti dé, òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí a jẹun nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń fọ́n lọ́fíńdà sí i, pàbó ló ń já sí. Kí ni ṣíṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, mà. Lọ́fíńdà kàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí èèpo iṣu àti ẹ̀fọ́ bá wà lábẹ́ òkìtì tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn kòkòrò àìfojúrí a máa jẹ ẹ́ rà, wọn a sì tú gáàsì tí ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, kí ìdọ̀tí má ṣe pẹ́ níbẹ̀: èyí tó kọ́kọ́ dé ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó, ó pẹ́ tán, láàárín wákàtí 24.

Ẹ tún wo ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí omi dúdú tó dágún sínú ihò sìmẹ́ǹtì tó ti sán, òórùn ti fi ibẹ̀ ṣe ilé (àwọn òṣìṣẹ́ kì í sábà kà á sí). Kí wọ́n dí ihò náà, kí wọ́n máa fọ ilẹ̀ lójoojúmọ́, kí omi rẹ̀ sì gba gọ́tà lọ sínú kòtò tí wọn yóò máa fa omi inú rẹ̀ kúrò, kí ó má baà ṣàn wọ odò. Ó ṣe pàtàkì pẹ̀lú kí òrùlé wà lórí ibẹ̀ lásìkò òjò, kí òjò má baà máa rọ̀ sórí ìdọ̀tí.

Kí ẹ tó lọ fẹjọ́ sùn, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí òórùn náà ń dé, àti ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá nígbà náà, sílẹ̀.